Ibi Tí Ètò Parí Sí: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Yíya Ilẹ̀ àti Ojú Ọ̀run Èkó

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán tó kún inú yàrá yìí fọ́fọ́, mo kí yín o. Inú mi dùn pé Yaba níbí ni wọ́n pè mí sí, nítorí ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn lé e lórí ládùúgbò yìí: bí èèyàn bá fẹ́ ya ilẹ̀ àti ojú ọ̀run, ṣé kó kọ́kọ́ jókòó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ni, àbí kó gbé búrọ́ọ̀ṣì, kó jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ bó bá ṣe wá sí i lọ́kàn?

N kò ní fi ohun tí mo rò pamọ́ fún yín. Ìpinnu ńlá tó wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ju méjì lọ: ibi tí ilẹ̀ máa pin sí lójú kánfáàsì, àti ibi tó máa mọ́lẹ̀ jù. Ẹ pinnu méjèèjì kí ọ̀dà tó kan kánfáàsì. Gbogbo ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún ojú àti ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mò ń wí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Ọwọ́ tó ti ń wo ojú ọ̀run tipẹ́, tó sì ń yà á lójoojúmọ́, ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ìyẹn ìjì òjò.

Ẹni tó bá mọ etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, ní Akoka, tàbí tó ti dúró létí omi Bàrígà rí, á mọ̀ pé ìlà oòrùn ni ọ̀sà wà sí wa níbẹ̀. Ìhà kan náà yìí ni ìjì ńlá ti ń wá láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti lápá ìparí òjò, ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun fẹ́ sí wa láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ń gbé ọ̀rinrin wá, ṣùgbọ́n àwọn ìjì yẹn fúnra wọn, ìlà oòrùn ni wọ́n ti ń rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sétí ọ̀sà ń rí ìjì náà lójúkorojú bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkòròdú.

Ẹ fojú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wà lẹ́yìn yín, ó ń tàn kọjá lórí yín bọ́ sórí omi. Níwájú, ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kì í ṣe dúdú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tàn yín. Àwọ̀ aró tí wọ́n po eérú mọ́ ni, ó sì wúwo jù nísàlẹ̀, níbi tó ti sún mọ́ omi. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ojú ọ̀run ló máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ní wákàtí yìí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbòkun apẹja tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀, òrùlé páànù, òpó afárá Third Mainland lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo wọn ló mọ́lẹ̀ ju ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn wọn lọ. Omi pàápàá ń dán lápá kan, ó sì ti ṣú lápá kejì. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù á kọ́kọ́ dé. Ojú omi tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ á di gánnagànna, eruku á dìde, ọ̀rá á máa fò kiri, àwọn tó sá aṣọ á máa sáré kó o wọlé. Bí ẹ bá rí i tí funfun òjò ti bo òdìkejì ọ̀sà, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù yín kù.

Láti ìgbà tí etí àwọsánmà yẹn bá ti yọ títí tí òjò fi máa dé orí yín, kì í sábà tó wákàtí kan. Kò sáyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣètò nígbà náà. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí kò ṣètò kankan tẹ́lẹ̀. Ó ti ya omi tó ń dán tán, omi ti ṣú. Ó padà lọ ṣú u lójú àwòrán, oòrùn tún yọ lójijì sórí ìgbòkun kan. Ó lé e. Nígbà tí òjò bá fi máa lé e wọlé, ojú ọ̀run aago mẹ́rin ló wà lókè àwòrán rẹ̀, omi aago márùn-ún kù díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀dà ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀. Mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn gan-an, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ọwọ́ wọn kò ní àbùkù rárá. Wọn kò kàn mọ èwo nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí ni wọ́n wá yà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìjì, kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa jókòó sí àti ohun tó wà níwájú yín. Ẹ mú pátákó kékeré, kó má ju ojú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ iléèwé lọ. Ẹ fi burnt sienna, ọ̀dà tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tó ṣàn dáadáa kùn ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó gbẹ, nítorí lójú funfun gbòò, gbogbo àwọ̀ ló máa ń ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa tàn yín jẹ. Ẹ fi ìlà ibi tí ilẹ̀ pin sí nísàlẹ̀, kó fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pátákó sílẹ̀ fún ojú ọ̀run, torí ìjì lẹ wá yà. Ẹ po ọ̀dà sílẹ̀. Ultramarine, ìyẹn búlúù tó jinlẹ̀, àti burnt sienna máa fún yín ní àwọ̀ eérú ìjì yẹn: bí búlúù bá pọ̀, á tutù, bí burnt sienna bá pọ̀, á gbóná díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀dà dúdú inú túùbù sílẹ̀. Kẹ́ ẹ po funfun tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú fún ìgbòkun, kó dá dúró lápá kan, kí búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́gbin má kàn án.

Bí ìjì bá wá dé, ẹ dijú díẹ̀ títí tí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ fi máa pòórá. Ohun tó kù ni èyí tó ṣókùnkùn jù, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kun òkùnkùn yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ bọ́ sórí omi. Bí ojú ọ̀run bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ di èyí tẹ́ ẹ ti pinnu mú. Ìgbòkun ló máa kẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni ètò parí sí, nítorí ẹ ti lè fọkàn sí i pé apá ọ̀tún ni ọkọ̀ máa wà, apẹja náà sì lè yí orí ọkọ̀ padà sílé, kó gba apá òsì kọjá lábẹ́ ibi tó ṣú jù. Kò sí ẹni tó lè kọ ìyẹn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú tó ti mọ ohun tó ń wá máa rí i, ọwọ́ á sì kàn án lẹ́ẹ̀kan, á kúrò níbẹ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ṣe báyìí tipẹ́. Ìyá náà á ká aṣọ funfun, á tún un ká, títí tí ojú aṣọ fi máa pín sí àpótí-àpótí, nítorí ìdajì méjì tí wọ́n máa rán pọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Lẹ́yìn náà, á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Kò fi pẹ́ńsùlù ya nǹkan kan sílẹ̀, kò sì sí ìwé tó ń wò. Òpó gbọ̀ngàn Mapó tó wà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ọwọ́ ló ń fà á, ọwọ́ sì tún ń fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ náà sínú aró tán, ẹ ò ní mọ ibi tí ìṣirò parí sí, ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ṣe rí lójú àwòrán nìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé, ṣebí Turner, ògbóǹtarìgì ará Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kì í ṣètò. Ìtàn tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni ti iná tó jó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1834. Turner wà lára àwọn tó wo iná náà. Nígbà tó di oṣù Kejì 1835, ó gbé kánfáàsì kan tí kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan lójú rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ àwòrán British Institution, ó sì dúró níwájú rẹ̀ lójú àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ya iná, èéfín àti odò sí i ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fífi fánníìṣì kun àwòrán. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí Turner kú, nǹkan bí 300 ìwé ìyàwòrán ló fi sílẹ̀, tó kún fún odò, òkè, ọkọ̀ ojú omi àti ojú ọ̀run tó ti yà láti kékeré. Ọwọ́ tó ti la gbogbo ìyẹn kọjá ló dúró níwájú kánfáàsì lọ́jọ́ náà.

Constable, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n lò ó pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 1821 àti 1822, ní Hampstead, ní ìhà àríwá London, ó máa ń gbé bébà kékeré àti ọ̀dà olóróró jáde lọ ya àwọsánmà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí igi, kò sí ilé, àwọsánmà nìkan ni. Wọ́n yá lọ́wọ́, ẹ ṣì lè rí ipa búrọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn wọn wò: ó kọ ọjọ́, ó kọ wákàtí, ó kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọkùnrin kan náà yìí, bó bá fẹ́ ya àwòrán ńlá rẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, á kọ́kọ́ ya odidi èyí tó tóbi tó o gan-an gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, kó tó bẹ̀rẹ̀ ojúlówó. Nínú ilé, kò sí ayàwòrán tó ń ṣètò tó bẹ́ẹ̀. Níta, kò sí ẹni tó yára tó o. Bí ẹ̀yin náà bá ya ojú ọ̀run, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sẹ́yìn rẹ̀, àti bóyá afẹ́fẹ́ ti ọ̀nà òkun wá ni tàbí ti ọ̀nà Ìkòròdú. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ máa mọ ojú ọ̀run Èkó ju bí ìwé kankan ṣe lè kọ́ yín lọ.

Monet, ayàwòrán ará Faransé, náà wà níbẹ̀. Nígbà tó ń ya òkìtì koríko ọkà ní Giverny ní 1890 sí 1891, kánfáàsì púpọ̀ ló ń gbé dání. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí padà, á gbé èyí tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, á mú èyí tó bá ìmọ́lẹ̀ tuntun náà mu. Kì í lé e lórí kánfáàsì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìṣirò kò dé ojú ọ̀run. Ayàwòrán Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London láàárín 1920 sí 1922, ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gíga l'Ékòó bí nǹkan ṣe ń kéré bó bá ṣe ń jìnnà, débi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Mr Perspective. Ọ̀nà àti ilé nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń lo ẹ̀kọ́ yẹn fún. Ẹ gbójú sókè lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọsánmà funfun tó wú bá pọ̀. Ìdí gbogbo wọn pẹrẹsẹ, ó sì wà ní ìwọ̀n gíga kan náà, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin bá gòkè dé ibì kan tó tutù tó, ibẹ̀ ni ọ̀rinrin náà ti ń di ìkùukùu, ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu káàkiri. Èyí tó wà lókè orí yín, ìdí rẹ̀ lẹ̀ ń rí, ó sì tóbi. Èyí tó wà lọ́hùn-ún lórí ọ̀sà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ̀ ń rí, ó kéré, ó sì fún mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ya gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà ti sọ ojú ọ̀run di ògiri. Bákan náà ni àwọ̀: òkè orí ni búlúù ti jinlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ ló ti ń funfun, nítorí afẹ́fẹ́ tí ojú wa ń là kọjá níbẹ̀ pọ̀ jù. L'Ékòó tí ọ̀rinrin pọ̀ sí, funfun ìsàlẹ̀ yẹn máa ń gòkè ju bí ìwé àwọn òyìnbó ṣe yà á lọ.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìwé òyìnbó kò bá wa mu. Bí ẹ bá dúró ní Marina, ẹ̀yìn Apapa ni oòrùn ń wọ̀ sí, àwọn kéréènì èbúté á dúró gẹ́gẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀. Àwa kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn wa ń já wálẹ̀ gbọnrangandan. Láti ìgbà tó bá ti wọ̀ títí tí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò ju bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ. Ní London lóṣù Kẹfà, ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ ya Apapa, omi àti kéréènì láti aago márùn-ún, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì dúró, kí ẹ sì po pupa àti ìyeyè ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ yá.

Ọyẹ́ nìkan ló ń fún wa láyè. Eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dìde láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ń sọ gbogbo ojú ọ̀run di funfun tó ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, òdìkejì ọ̀sà á pòórá, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wo oòrùn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ẹni tó ń fi ọ̀dà olómi ṣiṣẹ́ kàn ní láti yára, torí bébà á ti gbẹ kó tó padà sórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á bi mí pé, àwọn tí kì í jáde lọ síta ńkọ́? Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1934, tó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi búlúù kan náà kun awọ ara, gèlè àti ojú ọ̀run, ó sì gé gbogbo rẹ̀ sí ìlà tó ṣe wẹ́kú bíi ti gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun náà ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Abayomi Barber, ní Yunifásítì Èkó, kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ya ohun tí ọkàn wọn rí, kó sì hàn kedere bí ohun tó wà láyé. Ètò ló gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Àmọ́ èmi kò rò pé èèyàn lè ti inú ilé ya ìjì orí ọ̀sà bí kò bá tíì jókòó síwájú rẹ̀ rí.

Nígbà tí ó kan ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, tí mo bá fi fóònù ya fọ́tò ìjì náà, tí mo sì lọ yà á nílé, ṣé kò tó?”

Mo dá a lóhùn pé kó ya fọ́tò náà, ṣùgbọ́n kó mọ ohun tí fóònù ń ṣe. Bó bá rí ojú ọ̀run tó ṣú, ó máa ń fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí i; bó bá rí ìgbòkun tó ń dán, ó máa ń fẹ́ dín in kù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkùnkùn ojú ọ̀run àti ìmọ́lẹ̀ ìgbòkun, tó jẹ́ pé torí rẹ̀ lo ṣe lọ síbẹ̀, òun gan-an ni fóònù ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ọjọ́ ọyẹ́ náà, ó lè yọ àwọ̀ eruku kúrò kó sì fi búlúù sí i. Fóònù dára fún bí ìdí ọkọ̀ ṣe rí, fún iye òpó afárá, fún bí òrùlé ṣe gun ara wọn. Ti ìmọ́lẹ̀, pátákó kékeré tó o yà níbẹ̀ ni kó o gbà gbọ́, kódà bí kò bá lẹ́wà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tún béèrè pé kí ni ká ṣe sí pátákó kékeré bẹ́ẹ̀ tá a bá gbé e délé, ṣé ká fi kún un? Mo ní rárá, kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo ohun tó bá fi sí i nínú ilé, ìrántí ló fi sí i, á sì bo ohun tí ojú rẹ̀ rí mọ́lẹ̀. Kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì ńlá, kó tún ibi tí ilẹ̀ pin sí wọ̀n, torí ìlà tó bá pátákó kékeré mu lè ga jù lójú kánfáàsì ńlá, kó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ní òun ti ní ọ̀kan nílé tí òun yà ní Bàrígà, omi òjò sì ti kán sí i lójú. Mo ní kó má nu àmì òjò náà kúrò, kó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó mú kánfáàsì ńlá kan dání, ká jọ wọn ìlà rẹ̀.